Ọmọ Tó Jọ Ìyá Rẹ̀

Ẹni tó kọ́kọ́ pè é ní Kópì kò ní ibi kankan lọ́kàn. Àbúrò bàbá wọn kan ni, aláwàdà ọkùnrin. Ó wo ọmọbìnrin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí náà, ó wo ìyá rẹ̀, ó ní èyí kì í ṣe bíbí rárá, fọ́tòkọ́pì ni wọ́n lọ ṣe. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, fọ́tòkọ́pì gùn jù lẹ́nu wọn, wọ́n gé e kúrú, ó di Kópì. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an wá di ohun tí àwọn olùkọ́ nìkan ń pè.

Òótọ́ ni o, ó jọ ìyá rẹ̀. Kì í ṣe irú jíjọ tí a máa ń fi ẹnu sọ lásán kí inú abiyamọ lè dùn. Ojú kan náà ni, èjí kan náà ni láàárín eyín, bí ìyá ṣe ń gbé èjìká ọ̀tún sókè tó bá ń rìn, bẹ́ẹ̀ ni Kópì náà ń gbé e. Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní tirẹ̀, bàbá wọn ló gbé jáde: imú ńlá, iwájú orí gbàràmù, ohùn tó jẹ́ pé bó bá ń kí ọ, wàá rò pé ìjà ló ń bá ọ jà. Tíṣà ni gbogbo ènìyàn ń pe ẹ̀gbọ́n yìí nítorí iṣẹ́ tó ń ṣe, bó bá sì délé, iṣẹ́ náà kì í kúrò lára rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọmọ kò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Nílé tiwọn, ọ̀kan jọ ṣòkòtò, ọ̀kan jọ kíjìpá, kò sí ìjà níbẹ̀.

Ohun tó ba ọ̀rọ̀ jẹ́ ni jẹjẹrẹ ọyàn tó pa ìyá wọn. Kópì kò tíì pé ogún ọdún nígbà náà. Ohun kan náà ló pa ìyá tó bí ìyá wọn, àmọ́ láyé ìgbà yẹn, àyà ni wọ́n ní ó ń dùn ún. Nígbà tí àwọn èèyàn wá bá wọn kẹ́dùn, obìnrin kan di ọwọ́ Kópì mú, ó wo ojú rẹ̀ títí, ó sì mi orí. Ọmọ náà kì í ṣe òmùgọ̀. Ó yé e. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti pín ogún náà láìpe ìpàdé: ẹni tó gba ojú ìyá ni yóò gba àìsàn ìyá. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ síta, gbogbo wọn ló sì gbà á gbọ́.

Bàbá wọn ló burú jù nínú wọn. Kì í wo ojú Kópì mọ́. Bó bá ń bá a sọ̀rọ̀, ògiri ló máa ń wò, tàbí bàtà ara rẹ̀. Nígbà tí Kópì wá ń sún mọ́ ọjọ́ orí tí ìyá rẹ̀ fi kú, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í pè é lórí fóònù láràárọ̀, á ní ṣé ó jí dáadáa, á sì pa fóònù. Kì í pe Tíṣà, àfi bí fóònù náà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Alágbàfọ̀ ni Kópì. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ojú títì ló kọjú sí. Ẹ̀rọ ìfọṣọ méjì wà lẹ́yìn, tábìlì gbọọrọ kan tí wọ́n fi bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ tẹ́ wà níwájú, ibẹ̀ ló ti ń lọ aṣọ, ooru áyọ́ọ̀nù a máa bo gíláàsì fèrèsé títí àwọn tó ń kọjá kò fi ní rí inú mọ́. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dénú. Àbùkù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kì í wo nọ́ńbà. Wọ́n á ti fi píìnì kan nọ́ńbà mọ́ ọrùn aṣọ kọ̀ọ̀kan, òun ò ní wò ó, á ní aṣọ lójú, òun sì mọ ojú aṣọ. Bó ṣe kó ẹ̀wù funfun alápatà fún dókítà nìyẹn, tó kó ti dókítà fún alápatà. Odindi ọjọ́ kan ni àwọn oníbàárà fi ń bi alápatà léèrè oògùn inú rírun nídìí ẹran. Kópì bẹ̀bẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Ó gbà pé ojú aṣọ a máa purọ́, kò kàn wá sí i lọ́kàn pé ojú ènìyàn náà lè purọ́.

Gbogbo ohun tó bá ti gba ọjọ́ iwájú, Kópì kì í dá a lé. Wọ́n ní kó ra ẹ̀rọ kẹta, ó ní ta ni yóò lò ó. Káfíńtà kan wà tó bá a kan pẹpẹ ṣọ́ọ̀bù, ẹni jẹ́ẹ́jẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, tó sì sọ fún un pé òun fẹ́ fẹ́ ẹ. Kópì dá a lóhùn pé kó lọ wá ẹni tí yóò pẹ́ láyé, nítorí kò yẹ kó sin ìyàwó lẹ́ẹ̀mejì. Káfíńtà kò bínú, kò sì lọ. Ó kàn ń wá tún pẹpẹ tí kò bàjẹ́ ṣe.

Báyìí ni nǹkan ṣe wà tí ìyá kékeré wọn, àbúrò ìyá wọn tó ń gbé ní ìlú mìíràn, fi pe Tíṣà lórí fóònù. Jẹjẹrẹ ọyàn ti mú òun náà. Wọ́n tètè rí i, wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ara rẹ̀ sì ti ń yá. Ó ní àwọn dókítà yẹ ẹ̀jẹ̀ òun wò, wọ́n rí àṣìṣe kékeré kan nínú àbùdá òun, irú èyí tí òbí fi ń lé ọmọ lọ́wọ́, òun ló sì ń ṣílẹ̀kùn fún àìsàn náà nínú ẹbí àwọn. Wọ́n ní kí òun sọ fún gbogbo ẹbí kí wọ́n lọ yẹ ara wọn wò. Ó sunkún díẹ̀, lẹ́yìn náà ló wá ní, "Ẹ tètè mú Kópì lọ o." Kò sọ pé kí àwọn méjèèjì lọ. Tíṣà náà kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

Kópì ní òun ò lọ. Ohun tí òun ti mọ̀, kí ni òun tún fẹ́ lọ gbọ́ lẹ́nu dókítà? Tíṣà rọ̀ ọ́, ó halẹ̀ mọ́ ọn, kò gbọ́. Ni ẹ̀gbọ́n bá wá sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó jókòó lé àpò aṣọ oníbàárà, ó ní òun ò ní dìde níbẹ̀ títí Kópì yóò fi ti ìlẹ̀kùn tẹ̀ lé òun. Aṣọ siliki ló sì wà nínú àpò náà. Kópì wo bí ìdí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń run siliki olówó ńlá, ó yọ kọ́kọ́rọ́.

Nọ́ọ̀sì tó ń gba àwọn ẹbí nímọ̀ràn ní ọsibítù náà jẹ́ àgbàlagbà obìnrin tí ohùn rẹ̀ tutù. Ó ń wá awò ojú rẹ̀ kiri orí tábìlì, awò ojú náà sì wà lórí irun rẹ̀. Tíṣà ló fi hàn án, bí ẹni ń tún iṣẹ́ ọmọ ilé ìwé ṣe. Nọ́ọ̀sì dúpẹ́, ó jókòó, ó ní kí wọ́n sọ̀rọ̀ ẹbí wọn fún òun. Ó ń fara balẹ̀ bi wọ́n léèrè: ta ni ọmọ ìyá ta ni, àìsàn wo ló ṣe é, ọmọ ọdún mélòó ni nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá ṣàlàyé. Ó ní bí òbí bá ní àṣìṣe yìí lára, ọmọ lè gbà á, ọmọ sì lè máà gbà á. Bí ẹni ju kọ́ín sókè ni, fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tún ju òmíràn. Ó ní bí Kópì bá tiẹ̀ ní i, kì í ṣe pé àìsàn ti dé nìyẹn, ewu rẹ̀ ló pọ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, ọ̀nà sì wà tí wọ́n ń gbà ṣọ́ ọ. Ìgbà tó parí, ó kọjú sí Tíṣà, ó ní, "Ẹ̀yin náà ńkọ́, mà?"

Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n wo imú òun dáadáa. Ó ní bí wọ́n bá mọ bàbá àwọn, wọn ò ní bèèrè.

"Imú kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ohun tó ń gbé imú wá, ọ̀tọ̀ ni. Ohun tó ń gbé èyí wá, ọ̀tọ̀ ni. Ọmọ lè jọ bàbá rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, kó sì jẹ́ pé òun gan-an ló gba ti ìyá."

Tíṣà mi orí, irú èyí tó máa ń mì fún ọmọ tí ìdáhùn rẹ̀ kò tọ̀nà.

Ọ̀rọ̀ wá kan abẹ́rẹ́. Kópì yìí, bí áyọ́ọ̀nù bá jó o lọ́wọ́, kì í wí nǹkan kan, á kàn fi omi sí i, á máa bá iṣẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ó ti rí abẹ́rẹ́ lára ìyá rẹ̀ ju bó ṣe yẹ kí ọmọdé rí i lọ. Bí nọ́ọ̀sì ṣe di apá rẹ̀, ó fà á padà, ó dìde, ó ní òun ń lọ. Tíṣà dá a jókòó. Ó ká apá aṣọ ara rẹ̀ sókè, ó nà án sórí tábìlì.

"Ẹ kọ́kọ́ gba tèmi, kó lè rí i pé kò dùn ún."

Nọ́ọ̀sì kò gbà. Ó ní àwọn kì í gba ẹ̀jẹ̀ fún àfihàn. Bí àwọn bá gbà á, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò, ohun tí àwọn bá sì bá níbẹ̀, àwọn á sọ. Ó ní kí Tíṣà lọ rò ó sílé. Tíṣà ní òun ti rò ó. Nọ́ọ̀sì bi í ní ohun tí yóò ṣe bó bá jẹ́ pé ó wà lára rẹ̀, ó bi í bóyá ó ní ẹni tí yóò bá sọ̀rọ̀, ó rán an létí pé ọ̀rọ̀ náà kan ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní yunifásítì. Tíṣà ń dá gbogbo rẹ̀ lóhùn wéréwéré, bí olùkọ́ tí alábẹ̀wò ilé ìwé bá nínú kíláàsì.

"Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, mà," ló wí. "Bàbá mi lẹ máa bá níbẹ̀."

Ó buwọ́ lùwé, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kò ṣẹ́jú. Kópì náà di ojú méjèèjì, ó na apá.

Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí wọ́n fi dúró de èsì, Kópì ń palẹ̀ ayé rẹ̀ mọ́. Ó kọ́ obìnrin tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní bí wọ́n ṣe ń yọ àbààwọ́n epo lára siliki, iṣẹ́ tí kò kọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ó fi ibi tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà hàn án. Obìnrin náà bi í bóyá ó ń rìnrìn àjò, ó ní ó ṣeé ṣe.

Ọjọ́ èsì pé, àwọn méjèèjì wọlé papọ̀. Wọ́n bi wọ́n bóyá wọ́n fẹ́ gba èsì wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, wọ́n ní rárá. Kópì jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó ń wo awò ojú nọ́ọ̀sì, tó wà níbi tó yẹ kó wà lọ́jọ́ náà.

"Kò sí lára yín, mà."

Kópì ní, "Kí ni kò sí?"

"Àṣìṣe tó wà lára ìyá kékeré yín. Ẹ ò gbà á. Ẹ máa yẹ ọyàn yín wò bí gbogbo obìnrin ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ewu ti gbogbo obìnrin ni tiyín. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Kópì kò rẹ́rìn-ín, kò sunkún. Ó bi wọ́n bóyá wọn ò ṣi ẹ̀jẹ̀ náà gbé. Ó ní kí wọ́n má bínú, òun náà ń gba nǹkan oníǹkan lọ́wọ́ wọn, òun mọ bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Nọ́ọ̀sì kò bínú. Ó ní àwọn kì í fi ojú mọ ẹ̀jẹ̀. Nọ́ńbà ni àwọn ń wò, èèyàn méjì ló sì ń wò ó kí ó tó kúrò lórí tábìlì. Ìgbà yẹn ni ara Kópì tó gbọ́. Ó mí kanlẹ̀, ó mí èkejì, omi bọ́ lójú rẹ̀, ebi sì ń pa á lójijì, ebi gidi, bí ẹni tó ti gbààwẹ̀. Ẹ jẹ́ ká má fi bò: inú rẹ̀ dùn. Inú rẹ̀ dùn dé ibi tí kò mọ̀ pé inú ènìyàn lè dùn dé. Tíṣà ti gbá a mọ́ra, ó ti ń ké pe Ọlọ́run, ó ti gbé báàgì kọ́ apá, ó ní kí wọ́n máa lọ jẹun.

"Ẹ jókòó, mà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ó ku tiyín."

Tíṣà jókòó. Báàgì ṣì wà ní apá rẹ̀.

"Lára yín ló wà."

Tíṣà gbé ọwọ́, ó fi kan imú ara rẹ̀, ó dì í mú bẹ́ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tún gbogbo àlàyé rẹ̀ ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀: kì í ṣe àìsàn, ewu ni, ọ̀nà wà. Wọ́n á ya àwòrán inú ọyàn rẹ̀ láìpẹ́, wọ́n á sì máa yà á lọ́dọọdún, iṣẹ́ abẹ náà wà tí èèyàn lè yàn láti ṣe kí àìsàn má lè dé rárá, kò sì sí èyí tó gbọ́dọ̀ yàn lónìí. Lọ́tẹ̀ yìí, Tíṣà gbọ́ ọ. Ó bèèrè ìbéèrè kan péré, lórí ọmọ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní tirẹ̀ náà, kọ́ín ni, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sì pinnu bóyá ó fẹ́ mọ̀.

Ìtìjú bo Kópì. Ó wò ó pé òun yọ̀ lójú ẹ̀gbọ́n òun. Ó sì tún mọ̀ pé bí ayọ̀ náà ṣe ń tì í lójú tó, kò lọ. Ó ń jí pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀. Bàbá wọn wá kí i ní ṣọ́ọ̀bù, Tíṣà ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó jókòó sídìí tábìlì, ó gbójú sókè, ó wo Kópì lójú kòrókòró, ó wò ó títí ojú fi ń ti Kópì. Ó ní, "O ti darúgbó díẹ̀." Kópì ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bàbá ní òun ò mọ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún nítorí Tíṣà. Nígbà tó lọ tán, Kópì pe káfíńtà, ó ní kó máa bọ̀. Káfíńtà bèèrè pẹpẹ wo ló bàjẹ́. Kópì ní kò sí.

Ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán náà, Kópì ló mú Tíṣà lọ. Tíṣà ò pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni lójú ọ̀nà. Ó jókòó sí yàrá tí wọ́n ti ń dúró, ó ń ka ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ó kà á tán, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pè é wọlé. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, dókítà bá a jáde, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó yára lẹ́nu, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, kò sí kókó, kò sí àmì, ó mọ́ tónítóní. Ó ní kí Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó mú un wá, nítorí àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ àwọn, ìgbà tí kókó bá ti yọ ni ọ̀pọ̀ wọn ń wá. Ó ní láti ìsinsìnyí lọ, bí ohunkóhun bá fẹ́ yọ, àwọn ò ní jẹ́ kó sá pamọ́ fún àwọn. Tíṣà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní "ẹ ṣeun mà" fún ọmọ tó lè bí.

Wọ́n wọ bọ́ọ̀sì. Oòrùn ọ̀sán ń wọlé láti ojú fèrèsé, ibẹ̀ kún, àmọ́ wọ́n rí ìjókòó lẹ́yìn pátápátá. Tíṣà kọjú sí fèrèsé. Kópì rò pé ó ń ro ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ. Ìgbà tó yá, ó yíjú sí àbúrò rẹ̀, ó sì sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn kan tí Kópì kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, ohùn kékeré.

"Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, báwo lo ṣe ń sùn?"

Kò sí ẹni tó bi í rí. Bàbá ò bi í, ìyá kékeré ò bi í, Tíṣà fúnra rẹ̀, tó máa ń béèrè ohun gbogbo, kò bi í.

"N kì í sùn, ẹ̀gbọ́n mi. Mo máa ń dùbúlẹ̀ ni. Màá máa fọwọ́ wá kókó náà lọ́yàn títí ilẹ̀ á fi mọ́."

"Mi ò mọ̀."

"Ẹ ò lè mọ̀."

"Tèmi lò ń wá kiri lára ẹ," ni Tíṣà wí. "Láti ìgbà tí màmá ti kú. Tèmi ni."

Kópì ní kó má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó ní, "Tiyín kò ní rí báyẹn. Èmi nìkan ni mò ń ṣọ́ tèmi nínú òkùnkùn, mi ò sì mọ ohun tí mò ń ṣọ́. Tiyín, dókítà ń ṣọ́ ọ, ẹ̀rọ ń ṣọ́ ọ, èmi náà á máa ṣọ́ ọ." Ó ní bó bá di ọjọ́ tí ẹ̀rù bá fẹ́ mú un, kó pe òun, torí kò sí ibi tí ẹ̀rù yẹn ń gbà tí òun ò mọ̀. Tíṣà ní òun gbọ́. Ó gbé orí lé èjìká ọ̀tún àbúrò rẹ̀, kò sì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun láàárín àwọn èrò, láìtijú. Kópì fẹ́ jí i, nítorí ojú ti ń ti òun. Ó ní kí òun fi í sílẹ̀ díẹ̀ ná.

Dírẹ́bà ló wá jí àwọn méjèèjì ní òpin ọ̀nà. Bọ́ọ̀sì ti ṣófo, ibi tí wọ́n ní àwọn máa sọ̀ ti kọjá tipẹ́tipẹ́. Tíṣà nu ẹnu, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà pé kí ló dé tí kò pè wọ́n. Kópì di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní kó jọ̀wọ́ fi í sílẹ̀. Ó ní òun ò sùn tó báyìí láti ìgbà tí ìyá àwọn ti kú.